Kíìtì gíà páwà sítíárìn fún Mẹsí àtijọ́: èyí tó yẹ ní rírà àti èyí tí kò yẹ, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù

Ẹni tí gíà sítíárìn Mercedes W123 rẹ̀ bá ń jò, ìmọ̀ràn kan náà ló máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì, ìbáà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní Ṣàgámù: "Ẹ jẹ́ ká lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀." A kò fara mọ́ ọn. Ọdún 1976 ni W123 jáde, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1986. Gíà tókúnbọ̀ tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti tó nǹkan bí ogójì ọdún. Bí rọ́bà inú gíà yín ṣe gan, bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀ ṣe gan. Ẹ ó kàn fowó ńlá ra jíjò mìíràn ni. Irin gíà yìí lágbára púpọ̀, rọ́bà ló máa ń kọ́kọ́ kú. Rọ́bà sì ṣeé pààrọ̀, bí ẹ bá mọ irú èyí tí ẹ ó rà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ìwọ̀n nìkan kọ́ ni síìlì, ìyẹn òrùka rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ìdí ṣáfúù. Síìlì lè wọ ihò rẹ̀ géérégé, kó gba ṣáfúù dáadáa, síbẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ́ìlì kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nítorí pé wọn kò ṣe é fún ibi tí ọ́ìlì ti ń fi agbára tì. Ọ̀pọ̀ kíìtì, ìyẹn àkójọ síìlì àti rọ́bà tuntun fún gíà, tó wà lórí àtẹ lágbègbè wa ló ní àléébù yìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi gbà pé gíà sítíárìn tí wọ́n bá ti tú kì í dára mọ́. Irọ́ ni. Ó ń dára, ó sì ń pẹ́.

Kí ẹ tó náwó, ẹ rí i dájú pé gíà gan-an ló ń jò. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àyíká rẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ ṣàn án, kó gbẹ. Kí ẹnì kan tan ẹ́ńjìnnì, kó máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì, kí ẹlòmíràn máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lábẹ́. Bí ọ́ìlì bá ń yọ lókè, níbi tí ọ̀pá láti inú ọkọ̀ ti wọnú gíà, síìlì òkè ló kú. Bó bá ń kán nísàlẹ̀, ní ìdí drop arm (apá irin tó jáde lábẹ́ gíà láti fa táyà), síìlì ìsàlẹ̀ ni, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Bó bá kàn ń rin létí ìdérí, ó-ríìngì (òrùka rọ́bà ìdérí) lásán ni. Ẹ ṣọ́ra fún họ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti pọ́ǹpù: bó bá sán lórí, ọ́ìlì á gba ara gíà ṣàn lọ sílẹ̀, gíà ni gbogbo èèyàn á sì máa bá wí. Gíà tó dára púpọ̀ ni wọ́n ti tú torí họ́ọ̀sì.

Bó bá jẹ́ pé sítíárìn ń ṣeré lọ́wọ́ ni ẹ̀sùn yín, tí kì í ṣe jíjò, kíìtì kò ní wò ó sàn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí táyà wà nílẹ̀, kí ẹnì kan máa mi sítíárìn lọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ọ̀pá tó wọnú gíà, ẹ wo drop arm tó jáde lábẹ́. Bí ọ̀pá bá ń yí tí drop arm kò mira, inú gíà ni eré náà wà. Bí drop arm bá ń mira tí táyà kò gbọ́, ẹ lọ wo àwọn tie rod (ọ̀pá tó ń fa táyà) àti búùṣì idler arm (èkejì drop arm) tó wà ní apá kejì ọkọ̀. Búùṣì yìí máa ń jẹ púpọ̀ lára W123, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gíà.

Nínú gíà náà, ọ̀pá òkè ní ojú yíyí bíi ti bóòtù. Bọ́ọ̀lù irin kéékèèké wà láàárín rẹ̀ àti písítíìnì ńlá kan. Bí ọ̀pá ti ń yí, àwọn bọ́ọ̀lù ń yí po, písítíìnì ń lọ ń bọ̀, eyín ara písítíìnì náà ló sì ń yí ṣáfúù eléyín tó jáde sí drop arm. Fáàfù ló ń darí ọ́ìlì sí apá kan tàbí apá kejì písítíìnì, òun ló mú kó fúyẹ́. Nítorí náà, kíìtì tó bá péye gbọ́dọ̀ ní síìlì òkè, síìlì ìsàlẹ̀, ó-ríìngì gbogbo ìdérí, àti àwọn òrùka PTFE (irú ike kan tó ń yọ̀) pẹ̀lú ó-ríìngì tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà lábẹ́ wọn. Kíìtì tí kò bá ní òrùka PTFE, àbọ̀ kíìtì ni, ọlọ́jà ì báà pè é ní kọ̀ǹpílíìtì.

Èyí tó wà nínú nylon, tí kò lórúkọ tí kò ní nọ́ńbà, ni ọlọ́jà máa kọ́kọ́ gbé jáde, torí owó rẹ̀ kéré. Ó-ríìngì inú rẹ̀ sábà máa ń ṣeé lò, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Síìlì méjèèjì ni ìṣòro. Ẹ yí síìlì náà wò, ẹ fi ìka tẹ ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu náà bá gùn, tó fẹ́lẹ́, tó ń rọ̀ wọ̀ọ̀wọ̀ lábẹ́ ìka, síìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti gíábọ́ọ̀sì lásán ni. Irú rẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí 0.5 bar lọ (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì). Síìlì tí wọ́n ṣe fún páwà sítíárìn ní ẹnu kúkúrú tó nípọn, tó le, tó dúró gírígírí. Èyí tí Freudenberg ń pè ní BABSL lè gba tó 10 bar. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Pọ́ǹpù páwà sítíárìn lè ti ọ́ìlì kọjá 80 bar nígbà tí sítíárìn bá dé òpin. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń kan síìlì nínú gíà Mẹsí, ṣùgbọ́n èyí tó ń kàn án ti ju agbára síìlì lásán lọ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnu síìlì á yí padà sóde, sípíríǹgì á bọ́ lára rẹ̀, ọ́ìlì á sì tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣọ́ra, torí bí ọ́ìlì bá tán lójú títì, sítíárìn á wúwo lójijì.

Ẹni tó ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tó ń lo gíà Saginaw, ẹ fi èyí kún un: síìlì ìsàlẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ló wà léra, ẹlẹ́nu kan nínú, ẹlẹ́nu méjì lóde, wọ́ṣà sì wà pẹ̀lú wọn. Kíìtì tó bá mú ẹyọ kan wá kò pé.

Kíìtì tó lórúkọ ni a fọwọ́ sí fún síìlì àti òrùka PTFE. Corteco, tó wà lábẹ́ Freudenberg ti Weinheim ní Jámánì, àti Febi ni àwọn tó ń ta ẹ̀yà Mẹsí mọ̀ dáadáa. Ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ béèrè o, ẹ fi nọ́ńbà béèrè. Nọ́ńbà ẹ̀yà Mercedes máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, díjíìtì mẹ́wàá ló sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà ṣaasí yín, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WDB123 tàbí 123, lè wá a rí láìsí ariyanjiyan. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé páwà ni tiyín, nítorí pé ṣáájú 1982, kì í ṣe gbogbo W123 ló bá páwà sítíárìn wá láti ilé-iṣẹ́. Kíìtì gíà tí kò ní páwà wà lọ́jà, kò sì bá tiyín mu. Mercedes fúnra wọn ní Classic Center ní Fellbach nítòsí Stuttgart láti 1993, àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ojúlówó tó ń tibẹ̀ wá wọ́n, ó sì ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé Mẹsí rẹ̀ jáde fún Ojúde Ọba, kó má dúró di ìgbà tí Iléyá bá ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kó tó béèrè.

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ ṣa síìlì lọ́kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù bẹ́ríǹgì. A fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, torí pé ẹni tó mọ ohun tó ń wá á rí i nítòsí, kò ní dé Èkó. Nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń wà lójú síìlì. Bó bá jẹ́ 28x38x7, 28 ni ìwọ̀n ṣáfúù, 38 ni ti ihò, 7 ni bó ṣe nípọn, mílímítà ni gbogbo wọn. Ẹ má ka nọ́ńbà ara síìlì àtijọ́ nìkan, ẹ fi kálípà wọn ṣáfúù àti ihò fúnra yín, torí ẹnì kan lè ti fi síìlì tí kì í ṣe tibẹ̀ síbẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ẹ sọ fún ọlọ́jà pé síìlì páwà sítíárìn tàbí ti hàìdírọ́líìkì lẹ ń wá, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Bí ọlọ́jà kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ máa lọ. Ògèrè ni ká lọ wò lẹ́yìn ìyẹn. Gíà sítíárìn tírélà náà ń lo ọ́ìlì oníagbára, àwọn tó ń tún tírélà ṣe lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn sì mọ ohun tó ń jẹ́ síìlì tó lè dúró. Ẹ mú síìlì àtijọ́ àti ìwọ̀n yín dání.

Ó-ríìngì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Rọ́bà dúdú tó wọ́pọ̀ jù ni NBR, ó bá ọ́ìlì páwà sítíárìn rẹ́, ó sì gba ooru dé nǹkan bí 100°C. HNBR ń gbà tó 150°C, FKM tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń pè ní Viton ń gbà tó 200°C. Ọkọ̀ tó ń há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbóná, HNBR tàbí FKM ló yẹ ẹ́. EPDM ni kò gbọdọ̀ débẹ̀ láé. Rọ́bà bíréèkì ni, bí ọ́ìlì páwà bá kàn án, á wú, á rọ̀, á sì fọ́. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ kankan yọ ó-ríìngì nínú kíìtì bíréèkì torí pé ó ṣe déédéé. Bákan náà, ó-ríìngì àtijọ́ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ìwọ̀n rẹ̀ á tàn yín jẹ. Ẹ wọn ojú kòtò tó jókòó sí, kí ẹ sì ra èyí tó nípọn ju jíjìn kòtò náà lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin, kó lè rí ohun tí ìdérí á tẹ̀.

Gíà tókúnbọ̀ kò ní láárí fún pípààrọ̀ odidi, ṣùgbọ́n ó dára fún yíyọ irin inú rẹ̀: ṣáfúù eléyín, bọ́ọ̀lù, bẹ́ríǹgì, ìdérí. Ní Ládípọ̀, ẹ bèèrè ibi tí ọkọ̀ náà ti wá. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì, sítíárìn wa sì wà lápá òsì. Gíà tó bá ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan wá lè jẹ́ ti ọkọ̀ onísítíárìn ọ̀tún, kò ní bá ṣaasí yín mu, ṣáfúù rẹ̀ kò sì ní wúlò fún yín. Ẹ di ọ̀pá òkè mú, ẹ yí i láti òpin dé òpin. Ó yẹ kó máa lọ géere, kó sì le díẹ̀ ní àárín gbùngbùn. Bó bá fúyẹ́ ní àárín tó sì le ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, eyín rẹ̀ ti jẹ níbi tí ọkọ̀ ti ń lọ gbọọrọ. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ́ ohun tó ń ta kọ́kọ́ bí iyanrìn, ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù ti ní kòtò kéékèèké. Ẹ wo ihò họ́ọ̀sì méjèèjì. Gíà tó ti gba òjò láìsí ìdè lẹ́nu ihò rẹ̀ ti dípẹtà nínú, ẹ má ṣe gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá.

Àwọn kan ń ra bọ́ọ̀lù kẹ̀kẹ́ rọ́pò bọ́ọ̀lù gíà sítíárìn tó sọnù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Bọ́ọ̀lù gíà sítíárìn jẹ́ irin kírómù líle tí wọ́n fi ìwọ̀n gan-an ṣe. Bọ́ọ̀lù kẹ̀kẹ́ tó wọ́pọ̀ kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n wọn kì í sì í sábà dọ́gba. Nínú àwọn bọ́ọ̀lù tí kò dọ́gba, èyí tó tóbi jù ló máa ru gbogbo ẹrù, á sì gbẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ jẹ. Bí ẹyọ kan bá bàjẹ́, gbogbo wọn lẹ ó pààrọ̀, maikirómítà lẹ ó sì fi wọ̀n wọ́n. Ti Saginaw tún ní dúdú àti funfun, dúdú kéré díẹ̀ sí funfun, wọ́n sì ń tẹ̀lé ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: dúdú, funfun, dúdú, funfun. Ẹni tó bá kó funfun nìkan sí i, sítíárìn rẹ̀ á há.

Síìlì tó dára jù láyé kò ní dí ṣáfúù tó ti gbẹ́. Ẹ fi èékánná fa ibi tí ẹnu síìlì ń jókòó sí. Bí èékánná bá kọ́, ọ́ìlì á gba ibẹ̀ kọjá. Bí kòtò náà bá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lè fi wọ́ṣà fẹ́lẹ́ gbé síìlì sókè tàbí sísàlẹ̀ ní mílímítà kan tàbí méjì kí ẹnu rẹ̀ lè bá ojú tó mọ́ pàdé, bí ààyè bá wà. Bó bá jìn, SKF ní bébà irin kan tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní Speedi-Sleeve, kò nípọn ju nǹkan bí 0.28 mm lọ. A ń tì í bọ ṣáfúù, síìlì tuntun tó ní ìwọ̀n ti àtijọ́ á sì ṣì bá a mu. Owó rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ó kéré sí owó ṣáfúù. Ọ̀nà kẹta ni kírómù líle àti lílọ̀. Ẹni tó ń fi léètì ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé sánpépà tí ó ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ bí ṣáfúù ti ń yí máa ń fi ilà yíyí sílẹ̀, ilà yẹn ló sì máa ń fa ọ́ìlì jáde lábẹ́ síìlì. Òkúta lílọ̀ ni kó tì wọlé gbọọrọ, kó má rìn sọ́tùn-ún sósì. Bí oníléètì bá sọ pé fáìlì lòun á fi ṣe é, ẹ gba ṣáfúù yín padà.

Nígbà tí ẹ bá ń tú u, ẹ fi àmì sí drop arm àti ṣáfúù kí wọ́n lè padà síbi tí wọ́n wà. Púlà ni kí ẹ fi yọ drop arm. Bí wọ́n bá ń fi òòlù gbá orí ṣáfúù, bọ́ọ̀lù inú á tẹ ojú ọ̀nà rẹ̀ wọlé, sítíárìn náà á máa ta kọ́kọ́ títí ayé. Ẹ tú u lórí aṣọ funfun nínú abọ́ fífẹ̀, kí bọ́ọ̀lù kankan má yí lọ. Ẹ ka bọ́ọ̀lù kí ẹ tó fọ̀ wọ́n. Ẹ to ẹ̀yà àtijọ́ síbì kan, ẹ to ti kíìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ẹyọ sí ẹyọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. Ẹ fi ọ̀já sẹ́lótéèpù bo eyín ìdí ṣáfúù kó má gé ẹnu síìlì, ẹ fi gíríìsì sí ẹnu náà, ẹ sì fi páìpù tó tó ìwọ̀n etí síìlì tì í wọlé, kó lọ gbọọrọ.

Òrùka PTFE ló ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jẹ́, torí pé kò gbà bí rọ́bà. Ẹ rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ bọ kòtò rẹ̀ lórí ó-ríìngì tó wà nísàlẹ̀. Á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn kì í ṣe àléébù. Ẹ fi ike tó mọ́, tó dán, yí i ká, ẹ fi kílíìpù họ́ọ̀sì há a mọ́ra láìfi agbára púpọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá tì í wọlé láìṣe èyí, etí ihò á gé e, sítíárìn á fúyẹ́ lápá kan, á wúwo lápá kejì.

Bóòtù títún-un-ṣe tó wà lórí ìdérí ni ọwọ́ aláìmọ̀ máa ń yá sí jù. Ẹ yí ọ̀pá òkè láti òpin dé òpin, ẹ ka iye ìgbà tó yí, ẹ dá a padà sí ìdajì gan-an. Gíà Mẹsí ti ìgbà yẹn ní ìdè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń yọ láti fi rí àárín yìí. Àárín nìkan ni kí ẹ ti fún un, torí ibẹ̀ ni eyín ti há jù. Ẹni tó bá fún un ní ẹ̀gbẹ́ títí tí eré fi tán, sítíárìn rẹ̀ á há nígbà tó bá padà sí àárín, kò ní dá padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà, eyín á sì jẹ kíákíá. Ìdámẹ́rin yíyí ti pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ń dè nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ di bóòtù mú kó má bá a yí.

Ọ́ìlì páwà sítíárìn W123 ni ATF pupa, Dexron. Ọ́ìlì bíréèkì kò gbọdọ̀ kán sínú rẹ̀, á ba rọ́bà NBR jẹ́, gbogbo owó kíìtì á sì ṣòfò. Oògùn inú agolo tó ń dá jíjò dúró náà, a kò fọwọ́ sí i. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú rọ́bà gígan rọ̀ kó lè wú, kò pẹ́ tí rọ́bà náà á fi bàjẹ́ tán. Fílítà kékeré kan wà nísàlẹ̀ abọ́ ọ́ìlì orí pọ́ǹpù, ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kíìtì, torí irin kéékèèké láti inú gíà àtijọ́ ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú méjèèjì, ẹ bu ọ́ìlì kún, kí ẹnì kan yí sítíárìn láti òpin dé òpin ní nǹkan bí ogún ìgbà láìtan ẹ́ńjìnnì, ẹ máa bù kún un bó ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tún yí i. Bí ọ́ìlì bá hó, tó dà bíi wàrà tó pọ́n díẹ̀, atẹ́gùn ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ pa á, kó sinmi, ẹ tún un ṣe. Ẹ má dá sítíárìn dúró ní òpin ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, pọ́ǹpù á gbóná, síìlì tuntun ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí ibi síìlì ìsàlẹ̀ bá rin díẹ̀ tí kò kán, gíríìsì tí ẹ fi sí ẹnu rẹ̀ ni. Ẹ nù ún, ẹ tún wò ó lọ́sẹ̀ kejì. Bó bá ń kán, ẹ tún fi èékánná fa ṣáfúù yẹn.